Ìpè Kẹta ní Ibodè Ìrókòsà

Omi pupa inú gíláàsì náà kò mira.

Mosúnmọ́lá ti ki àbúrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pè é lọ́mọ afàwọ̀n-gbálẹ̀-odò, ọmọ ẹni tí ẹja ń kí kí oòrùn tó yọ. Ó ka baba ńlá mẹ́rin fún un, ó sì fi ohùn gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn débi tí àwọn aṣàwókù, àwọn tó ń ṣa ẹrù ní ahoro Ìrókòsà, tí wọ́n tò sẹ́yìn fi ń mi orí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń kì. Ọláníhún tí wọ́n ń kì kò mirí. Ó jókòó sórí àga irin, adé bàbà wà lórí rẹ̀, wáyà mẹ́ta so adé náà mọ́ gíláàsì, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Ìpè kìíní," ni Láníyọnu, ọ̀gá ibodè, wí. Ó fi ẹfun fa ilà kan sára ògiri. "Orí kò wú."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀."

"Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Ọjọ́ méjì la fún un."

Lẹ́yìn odi tí wọ́n jókòó tì ni Ìrókòsà wà, olú ìlú tí ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí fún èèyàn nígbà kan bó bá ti kí i, tí fìtílà ń tàn láìjẹ epo. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé Ìrókòsà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ààfin ní kí Ilé Àṣẹ, ibi tí wọ́n kó gbogbo agbára ìlú pamọ́ sí, jí ọba tó kú dìde fún àwọn. Ilé Àṣẹ ya, àṣẹ sì dà sí ìgboro bí epo tó dà nínú kèrègbè. Láti ọjọ́ náà ni òjò ibẹ̀ ti ń ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè, tí koríko ibẹ̀ ń mí. Ohun tí àṣẹ bá sì fara kàn pẹ́, á ṣe àdàkọ rẹ̀. Ó ti ṣe àdàkọ ajá, ó ti ṣe àdàkọ ilé pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀. Èyí tó ń ba ará Àtúntẹ̀, ìlú tuntun tí àwọn tó sá àsálà tẹ̀ dó, lẹ́rù ni pé ó máa ń ṣe àdàkọ èèyàn.

Àdàkọ kan ti wọlé rí, kí wọ́n tó gbé àga irin náà kalẹ̀. Ó bá ìyàwó ọlọ́ràn sùn, ó bá àwọn ọmọ ṣeré, gbogbo ohun tí ọkọ mọ̀ ló mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, gbogbo agbo ilé náà ti di dígí, tòun tẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ti Ìrókòsà dé léèrè ohun tó mọ̀ mọ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń bi. Ènìyàn tí a bí, tí a bá kì í ní oríkì ìran rẹ̀, irun ara rẹ̀ á dìde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbóná, omi pupa á sì gòkè nínú gíláàsì kọjá ilà dúdú. Àdàkọ kò ní baba ńlá, ta ni wọn ó kì tí orí rẹ̀ á fi wú? Ìpè mẹ́ta ni òfin fàyè gbà. Ẹni tí ẹ̀kẹta bá kùnà lé lórí á padà sẹ́yìn odi, àṣẹ inú ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹran ara lò ju ọjọ́ méjìlá lọ.

Apohùn ibodè ni Mosúnmọ́lá, ọdún kẹfà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Oríkì ìran méjìlélọ́gọ́ta ló wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì tíì ṣì wọ́n pè rí. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni omi kò gòkè fún lábẹ́ ohùn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì dá padà. Wọ́n sunkún, wọ́n dárúkọ ìyàwó àti ọmọ, ṣùgbọ́n omi ló ń wò, kò wo ojú. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ìdúróṣinṣin ara rẹ̀ yìí, àní ó máa ń fi í yangàn.

Kò! Kò! Kò! Ìró náà wá láti ìdí ilẹ̀kùn irin, láti òde.

"Àjàgbé rẹ ti dé," ni Láníyọnu wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Kò sú u."

Káfíńtà ni Àjàgbé kí wọ́n tó tì í padà. Àdàkọ mìíràn kì í yéé kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, bí ẹni pé ìkanlẹ̀kùn ni wọ́n ṣe dá a. Mosúnmọ́lá ti fi òwú dí etí sí ìró yẹn láti ọjọ́ kejì. Ó tún un dí nísinsìnyí, ìwọ̀nba ohùn ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ọláníhún, wò mí. Kí ló dá àpá sí orúnkún rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Ẹlẹ́mu ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gun ẹ̀ka kejì, ẹ ní ẹ̀ka kìíní ti jẹrà. Ẹ wọ bùbá aláwọ̀ ewé. Nígbà tí mo ṣubú, ẹ fi ewé efinrin dí i, ẹ sì ní kí n sọ fún Ìyá pé òkúta ni mo kọ lù."

Mosúnmọ́lá gan-an ti gbàgbé bùbá aláwọ̀ ewé yẹn. Gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ohun tó fi àdàkọ hàn jù ni pé kì í gbàgbé nǹkan. Àbúrò rẹ̀ tó mọ̀ kì í rántí ibi tó bọ́ bàtà rẹ̀ sí.

Ó wò ó dáadáa. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún bó ṣe yẹ kó kún. Ìkòkò ìmọ́lẹ̀, fìtílà tí kì í jẹ epo, èyí tó tìtorí ẹ̀ wọ Ìrókòsà, wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn ní tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù mẹ́jọ, Ọláníhún sì ti búra pé inú òkùnkùn kọ́ ni wọn ó ti gbẹ̀bí ọmọ òun. Gbogbo ìyẹn bá a mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò, kò sì yọ ọ́ látìgbà tó ti jókòó. Kò wo ẹ̀yìn okùn tí wọ́n fi dá àwọn ẹbí dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí ìyá àwọn méjèèjì dúró sí.

Ìyá náà ń kọ ọ́ lóminú. Mosúnmọ́lá ti rí àwọn ìyá tí ń jà mọ́ okùn náà, tí wọ́n ń pariwo pé ọmọ àwọn ni, pé kí wọ́n wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ní Ọláníhún kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan Ìrókòsà, ó tilẹ̀ ti fi ọmú tó mu bẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí tí ohun tó ń bẹ̀rù dé, kò ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó kàn ń tú gèlè rẹ̀, ó ń tún un wé.

Mosúnmọ́lá dìde, ó pe ìpè kejì. Ó kì í ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó mú oríkì tí wọ́n fi ki baba wọn lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ mọ́ ọn, Adélẹ́yẹ apẹja, ẹni tí odò máa ń ya fún. Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣe é bí ẹni pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún.

Omi náà dúró síbẹ̀.

"Ìpè kejì," Láníyọnu wí. Ó fa ilà kejì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mosún, ó dùn mí. Tí o bá fẹ́, màá ránṣẹ́ sí apohùn ibodè kejì kó wá pe ẹ̀kẹta. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ."

"Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Yọ ọwọ́ rẹ lápò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Àfọ́kù dígí kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti wé akísà mọ́ etí dígí náà kó má baà gé e. Nínú dígí náà ni ojú Ọláníhún wà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọláníhún tó jókòó lórí àga kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó wà ní iwájú ìlà sá. Láníyọnu mú ẹ̀mú irin, ó fi gba dígí náà, ó gbé e sórí àwo eérú. "Ó parí nìyẹn," ni ó wí. "Ohun tó fi dà á kọ ló gbé wálé yìí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

"Dúró," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ìpè kan ṣì kù."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wo dígí náà fínnífínní. Nílé wọn ní Ìrókòsà nígbà ayé olú ìlú, irú dígí báyìí máa ń wà lára ògiri. Ojú tó wò ó kẹ́yìn kí Ilé Àṣẹ tó ya ni kò jẹ́ kó lọ. Ojú Ọláníhún ni lóòótọ́, imú náà àti etí tó yọ síta náà. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ẹni inú rẹ̀ ti ní funfun díẹ̀, àpá iná mẹ́ta tò sí iwájú orí rẹ̀, irú èyí tí àwọn Ajítanná, ìran onífìtílà, ń kọ sórí ọmọ wọn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ mọ fìtílà. Ọláníhún kò ní àpá iná kankan. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ìró aláró tí wọ́n ya ẹyẹ sí ni ó ró.

Mosúnmọ́lá mọ ìró yẹn. Òun ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n jáde nínú Ìrókòsà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún.

Ohun tó ti gbàgbé bá padà wá bá a. Ìsọ̀ onífìtílà kan wà lọ́nà ọjà. Ọkùnrin ibẹ̀, Olúgbùyì, máa ń fún un ní ẹ̀pà sísun, ìyá rẹ̀ á sì ní kó jókòó síta, kó máa ka àwọn tó ń kọjá. Ó ti kà tó igba rí lọ́jọ́ kan. Baba rẹ̀ wà lórí odò nígbà náà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń lò kó tó wálé.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu sí etí àbúrò rẹ̀. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì. Fìtílà ni mo wá wọ ìsọ̀ onífìtílà kan, mo rí ara mi lára ògiri." Ọláníhún ń sọ̀rọ̀ láìmi ètè. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo rántí lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ibi tí Bàbá ti wò mí bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. N kò rí i. Ó fẹ́ràn mi, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó fẹ́ràn rẹ púpọ̀."

"Nítorí náà ẹ jẹ́ n padà. Ẹ fi ẹ̀kẹta kì mí bẹ́ ẹ ṣe ń kì mí, kó kùnà, kí n máa lọ. Tí ẹ bá pe ìran mìíràn mọ́ mi níwájú àwọn wọ̀nyí, ẹ ti pe Ìyá ní nǹkan tí kò ní kúrò lára wọn mọ́."

Mosúnmọ́lá rò ó: ó dára bó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ àdàkọ ńkọ́? Àdàkọ tó rí dígí náà lè hun irú ọ̀rọ̀ yìí jọ, ó lè fi ikú bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má baà pa á. Àánú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ sídìí okùn.

"Ìyá."

"Mò ń gbọ́." Àṣàkẹ́, ìyá wọn, kò wò ó.

"Ẹ rí ohun tó wà lórí àwo eérú yẹn?"

"Ojú mi kò ríran dé ibẹ̀ mọ́."

"Ẹ máa ń ní kí n jókòó síta, kí n máa ka àwọn tó ń kọjá."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí gèlè rẹ̀. "Inú ilé baba rẹ ni mo ń gbé," ni ó wí. "Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń fún mi lóúnjẹ. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde níbí, kí ìyálẹ̀ta ọ̀la tó tó, wọ́n á ti kó ẹrù mi síta. Wọ́n á bọ́ fìlà ìdílé lórí ọmọ yẹn, wọ́n á ní kó má sin òkú àwọn mọ́. Ọmọ inú ìyàwó rẹ̀ á wáyé láìní agbo ilé."

"Tí kò bá jáde ńkọ́?"

Ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀. Ìyá ọmọ ló mọ baba ọmọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó sọ bí ìmọ̀ náà ṣe wúwo tó.

"Ìyá, ṣé kí n pè é?"

"Má bi mí." Àṣàkẹ́ wá wò ó níkẹyìn, omi ti kún ojú rẹ̀. "Tí o bá bi mí, Mosún, màá ní rárá."

Mosúnmọ́lá kò bi í mọ́. Ó padà sídìí àga. Ẹ̀rù ń bà á lọ́nà méjì: bí omi náà kò bá gòkè, ó ti ba ìyá rẹ̀ jẹ́ lásán, ó sì tún ti sọ àbúrò rẹ̀ nù. Ó yọ òwú etí rẹ̀ méjèèjì kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọláníhún, ọmọ Ajítanná. Ọmọ atanná fún òkùnkùn tí òkùnkùn gbàgbé orúkọ ara rẹ̀…"

"Mosún!" Láníyọnu dìde. "Ìran apẹja ló wà nínú ìwé. Kí lò ń pè yìí?"

"Òfin ní ìpè mẹ́ta, kò yan ìran fún apohùn," ni ó dá a lóhùn, ó sì ń bá a lọ. "Ọmọ Olúgbùyì onífìtílà ọ̀nà ọjà. Ọmọ a-jó-lọ́wọ́-má-sọ-iná-nù. Àlejò dé ilé yín lóru, ó bi yín bóyá ọ̀sán ni…"

Kò tíì dé ìparí tí omi náà fi gbéra. Kò rọra gòkè. Ó ta sókè, ó kọjá ilà dúdú, ó dé ẹnu gíláàsì, ó sì ń mì níbẹ̀. Irun apá Ọláníhún dìde gbogbo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe yìí, kí lẹ ṣe?"

Àwọn aṣàwókù ń wo omi, wọ́n ń wo dígí, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àṣàkẹ́. Ó tẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí adé bàbà náà kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú.

"Gbé fìtílà rẹ," ni ó wí. "Ká lọ wo ìyàwó rẹ. Ibi tí wọ́n bá lé wa dé, a ó tan iná níbẹ̀."

Mosúnmọ́lá ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìdùnnú wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí ìró náà tún fi wá.

Kò! Kò! Kò!

Kò sí òwú ní etí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ kedere, ó sì gbọ́ ohùn tó tẹ̀lé e, ohùn tó ti gbẹ: "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún mi kì."

Ó rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó rántí Àjàgbé lórí àga irin yìí, ó rántí omi tí kò mira lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá rántí ìyá Àjàgbé tó dúró lẹ́yìn okùn, tí kò jà, tí kò pariwo. Gèlè rẹ̀ ló ń tú, tó ń tún un wé. Òun ti rò nígbà náà pé obìnrin náà le lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ èwo nínú wọn ni àdàkọ mọ́.

"Ṣí ilẹ̀kùn fún Àjàgbé," ni ó wí.

"Ìpè mẹ́ta tirẹ̀ ti pé," Láníyọnu dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò le bí i ti tẹ́lẹ̀. "Òfin ni."

"Ẹlòmíràn la pè. A kò tíì pe òun rárá."

"Ìran wo lo fẹ́ fi pè é? Ìran mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kù. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ máa dán wò?"

Mosúnmọ́lá wo òjìji odi. Ọjọ́ ṣì kù díẹ̀. Ó bọ́ àmì apohùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sórí àga irin kí Láníyọnu mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni títí òun á fi dé, ó sì gba ọ̀nà àdúgbò àwọn káfíńtà lọ. Nígbà tó yá ó ń sáré.

Ìyá Àjàgbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Kò béèrè ohun tó gbé apohùn ibodè wá. Ó wo ọrùn rẹ̀ tó ṣófo, ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè lọ bá gèlè.

"Ṣé ó ṣì ń kanlẹ̀kùn?" ni ó béèrè.

"Ó ṣì ń kàn án, Ìyá," ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.